Gìtá onígi, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti fuzz: báwo la ṣe lè gba orin punk-folk sílẹ̀ fúnra wa ní Ilé-Ifẹ̀?

Onígìtá Lágere béèrè pé:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Orin mẹ́fà ló wà nílẹ̀ tí a fẹ́ gbà sílẹ̀ fúnra wa ní Ifẹ̀, láìsí ilé-iṣẹ́ olórin kankan lẹ́yìn wa. Gìtá onígi kan tó ní pickup (ohun tó ń gba ohùn okùn) àti preamp (ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé ohùn náà sókè) oníbátìrì nínú, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agogo, dùndún kan, olórin méjì. Punk-folk ni: orin kúkúrú, ó yá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì le. Àmọ́ a fẹ́ kí ohùn psychedelic ayé 1966 sí 1973 hàn nínú rẹ̀, ìyẹn fuzz (pẹ́dà tó ń mú ohùn gìtá ha), gbohùngbohùn (echo) àti gìtá tó ń fi ẹ̀yìn rìn.

Wahálà mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Pẹ́dà fuzz ń ké wíí lórí gìtá onígi, ohùn rẹ̀ sì ń gún etí bí abẹ́rẹ́. Gbohùngbohùn ń bá agogo jà. Ọ̀rọ̀ orin ò sì yé ẹni tó ń gbọ́. Máìkì kan ṣoṣo ló wà, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tó ní Audacity, ètò tí a fi ń gba ohùn sílẹ̀. Iná ò dúró. Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀? Àwọn kan tún ní orúkọ psychedelic yìí kò yẹ wá, pé ti òyìnbó ni.

Òjé-àti-Wáyà dáhùn:

Àbúrò, ẹ jẹ́ ká mú fuzz ṣáájú. Irú pẹ́dà Fuzz Face, tó jáde ní London ní 1966, gìtá oníná ni wọ́n ṣe é fún. Wáyà tí wọ́n ká mọ́ òòfà ni pickup gìtá oníná, ó sì ní ìdènà tirẹ̀ tí pẹ́dà náà gbára lé. Gìtá tiyín ní preamp. Ohun tó ń ti inú rẹ̀ jáde kò ní ìdènà tó bẹ́ẹ̀, ó kàn ń rọ́ wọlé, ni transistor àkọ́kọ́ (ẹ̀yà tó ń mú ohùn tóbi nínú pẹ́dà) á bá kún àkúnwọ́sílẹ̀. Òun ló ń gún yín létí. Ẹ fi resistor (ẹ̀yà tó ń dènà iná) 47k kan, ìyẹn 47,000 ohm, sójú wáyà tó ń wọ pẹ́dà. Bó bá ṣì le, ẹ gbé e dé 100k. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ẹ má tíì ra pẹ́dà mìíràn.

Ní ti kíké wíí, spíkà ló ń gbọn ara gìtá, gìtá á tún dá a padà fún spíkà. Ẹ gé fóòmù tàbí rọ́bà roboto dí ihò gìtá, ẹ jìnnà sí spíkà ní mítà méjì, ẹ má sì kọjú gìtá sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ dín bass kù kó tó dé fuzz. Bó bá di ẹ̀yìn fuzz kẹ́ ẹ tó dín in, ó ti pẹ́ jù, torí bass yẹn ti da ohùn yòókù rú nínú transistor.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ tiyín, èyí ni mo gbà yín níyànjú láti ṣe, ohun tẹ́ ẹ nílò ò ju èyí lọ: BC547A méjì, resistor 33k, 100k, 1k àti 47k tá a ti sọ, trimmer (resistor kékeré tó ṣeé yí) 10k, capacitor (ẹ̀yà tó ń tọ́jú iná díẹ̀) 0.022 µF, 0.01 µF àti 22 µF, pot (resistor oníbọ́tìnnì yíyí) 500k fún volume, pot 1k fún fuzz, bátìrì 9V, jack méjì, àpótí irin. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló wà lára transistor: base, emitter àti collector. Gìtá á gba inú 47k àti 0.022 µF dé base transistor kìíní. Emitter rẹ̀ lọ sí ground (ojú − bátìrì). Collector rẹ̀ gba 33k láti 9V, ó sì so tààrà mọ́ base transistor kejì. Collector ti kejì gba inú trimmer, lẹ́yìn náà 1k, dé 9V. Ibi tí trimmer àti 1k ti pàdé lẹ ti máa mú ohùn jáde, gba inú 0.01 µF lọ sí volume. Emitter ti kejì lọ sí etí kan pot 1k, etí kejì pot náà lọ sí ground. Àárín pot ni ojú (+) 22 µF ń lọ, ojú (−) rẹ̀ sì lọ sí ground. 100k ni kó so emitter kejì padà mọ́ base kìíní.

Inú Fuzz Face àtijọ́, 2.2 µF ló wà lẹ́nu ọ̀nà, 330 ohm ló sì wà níbi tí mo fi 1k sí. 0.022 µF yẹn pẹ̀lú 47k á máa gé bass láti nǹkan bí 150 Hz sísàlẹ̀, èyí tí gìtá onígi nílò gan-an. 1k ní tirẹ̀ á jẹ́ kí ohùn tó ń jáde tóbi sí i.

Ẹ fi mítà wọn collector kejì, kẹ́ ẹ yí trimmer títí á fi dé 4.5V. Ẹ má wá transistor germanium kiri. Ooru ọ̀sán Ifẹ̀ á yí i kúrò níbi tẹ́ ẹ fi í sí, silicon bíi BC547 kì í yí bẹ́ẹ̀. Bí pẹ́dà bá ń gbé rédíò wọlé, ẹ so 100 pF sáàárín base àti collector transistor kìíní. Bátìrì ni kẹ́ ẹ lò, ẹ má fi adaptor jẹnẹrétọ̀ gbé e. Híhùn rẹ̀ á wọ inú gbogbo orin, kò sì ní ṣeé yọ.

Ọmọ Ọbòkun láti Iléṣà dáhùn:

Ẹ̀gbọ́n ti parí ti fuzz. Ti gbohùngbohùn, ìṣirò lásán ni. Kóńkóló tí agogo yín ń lù, mẹ́ta-mẹ́ta ni ìpín ẹsẹ̀ rẹ̀. Ohun tó sì wà nínú ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà, méjì-méjì tàbí mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n pín in. Ibẹ̀ nìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Bí ìrìn orin bá jẹ́ ẹsẹ̀ 100 ní ìṣẹ́jú kan, ẹsẹ̀ kan jẹ́ 60,000 ÷ 100, ìyẹn 600 mílísẹ́kọ́ǹdì. Ẹ pín in sí mẹ́ta, ó di 200. Nítorí náà gbohùngbohùn 200, 400 tàbí 600 ló máa bọ́ sí ojú agogo. 450 tí àwọn onígìtá rock fẹ́ràn á já sáàárín 400 àti 600, á sì máa fa agogo lẹ́sẹ̀. Fún orin tó yá dáadáa, bí 132, ẹ lo nǹkan bí 303. Èmi á mú ìdá méjì nínú mẹ́ta yìí ju òmíràn lọ, torí ó ń fèsì fún agogo láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ẹ fi feedback (ìwọ̀n tí gbohùngbohùn fi ń tún ara rẹ̀ sọ) sí 25 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ gé ohun tó ga ju 3 kHz àti ohun tó wà nísàlẹ̀ 200 Hz kúrò lára gbohùngbohùn náà nìkan. Téèpù àtijọ́ kì í dá ohùn tó mú ṣáṣá padà, òun ló fà á tí ohùn rẹ̀ fi rọ̀. Ẹ má fi ẹyọ kan sórí agogo tàbí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ láé.

Gìtá tó ń fi ẹ̀yìn rìn: ẹ má kàn gbá gìtá kẹ́ ẹ wá yí i padà, torí chord (ohùn okùn gìtá tó jọ dún pọ̀) á bọ́ sí ipò tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ ṣe ẹ̀dà orin náà, ẹ fi Reverse yí ẹ̀dà yẹn padà, ẹ wá máa ta gìtá lé e lórí, láti chord ìgbẹ̀yìn wá sí ti àkọ́kọ́. Bẹ́ ẹ bá ṣetán, ẹ yí gìtá tuntun náà nìkan padà, kẹ́ ẹ gbé e sórí orin tòótọ́. Kí okùn tẹ́ ẹ bá ta máa dún pẹ́, torí ìparí dídún yẹn ló máa di ìbẹ̀rẹ̀ tó ń wú bọ̀.

Kò-sí-Sítúdíò dáhùn:

Ẹ fi fuzz sórí ohùn olórin náà. Bí àwọn onípunk ṣe ń ṣe é nìyẹn, ó máa bo àṣìṣe.

Ìyá Onílù dáhùn:

Rárá o, ọmọ mi, kì í ṣe lórí Yorùbá. Igbá, igba, igbà: ohùn nìkan ló yà wọ́n. Bí fuzz bá di ohùn olórin mọ́ ariwo, tí gbohùngbohùn sì gbé ohùn òkè ọ̀rọ̀ tó kọjá wá lé ohùn ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀, ẹni tó ń gbọ́ kò ní mọ èyí tẹ́ ẹ pè. Gẹ̀ẹ́sì lè fara da ìyẹn. Tiwa ò lè fara dà á. Ẹ jẹ́ kí ohùn olórin gbẹ, kí gbohùngbohùn wà níparí ìlà nìkan, níbi tí ẹnu ti sinmi.

Kẹ́ ẹ sì wo orin náà fúnra rẹ̀. Bí ohùn orin bá ń gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀, kò sí àtúnṣe kọ̀ǹpútà tó lè gbà á. Ẹ kọ́kọ́ ní kí onídùndún lu gbólóhùn náà. Bí ìlù àti orin yín bá yà, orin lẹ máa tún kọ.

Ẹnu sí máìkì, kó tó 15 sí 20 sẹ̀ǹtímítà, kí máìkì yà díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kí èémí má bàa lù ú. Dùndún, mítà kan. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, mítà méjì, torí ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ ń mú ju gbogbo wọn lọ, yóò sì gba ibi tí kọ́ńsónáǹtì ọ̀rọ̀ ń gbé bó bá sún mọ́ tòsí. Agogo àti dùndún ni kẹ́ ẹ gbà sílẹ̀ ṣáájú, ohùn olórin kẹ́yìn. Kí ìwọ̀n ohùn má kọjá −12 dB nígbà gbígbà. Nínú àdàpọ̀, ẹ fi 3 dB dín gìtá oní-fuzz kù ní àyíká 2.5 sí 3 kHz, ọ̀rọ̀ á yọ síta. Ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì nípọn kọ́ ara ògiri lẹ́yìn olórin. Nígbà òjò awọ dùndún á dẹ̀, nígbà ọyẹ́ á le, nítorí náà ẹ má gba orin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní àsìkò méjì.

Ọ̀dọ́ Aláwo dáhùn:

Ti orúkọ psychedelic tí wọ́n ń bá yín jà lé lórí. Ní 1972, ní Èkó, Berkley Jones, Laolu Akins àti Mike Odumosu fi lẹ́tà orúkọ wọn dá ẹgbẹ́ BLO sílẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti bá Ginger Baker, onílù ará England, ṣe ẹgbẹ́ Salt. Àwo àkọ́kọ́ wọn jáde ní 1973, fuzz ló kún inú rẹ̀. Ní Òṣogbo, Twins Seven Seven ń ya àwòrán, ó sì tún ní ẹgbẹ́ olórin. Ní Ifẹ̀ níbí, Yunifásítì Ifẹ̀ dá Orí Olókun sílẹ̀ ní 1968, níbi tí eré, orin àti iṣẹ́ ọnà ti jọ wà. Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà ń wá nígbà náà, pé kí orin, àwòrán àti ijó má ya ara wọn, kì í ṣe àjèjì sí ìlú yìí. Ẹ ò sì nílò oògùn kankan láti ní ohùn psychedelic náà. Inú fuzz, téèpù àti ìṣirò tí ẹ̀gbọ́n Iléṣà ṣe lókè yìí ló ti wá.

Ẹni tó bá ní punk àti hippie (àwọn ọ̀dọ́ alálàáfíà ayé 1960) jẹ́ ọ̀tá, kó wo Crass. Ilé kan ní Essex ní England, Dial House, tí Penny Rimbaud dá sílẹ̀ ní 1967 láti jẹ́ ilé tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, ni ẹgbẹ́ punk yẹn ti jáde ní 1977. Wọ́n ń tẹ iye tí oníbàárà kò gbọdọ̀ san jù sára páálí àwo wọn. Ní ọdún yẹn kan náà, ní oṣù kìíní, ẹgbẹ́ punk Buzzcocks fi 500 pọ́n-ùn tí wọ́n yá tẹ ẹ̀dà 1,000 àwo wọn fúnra wọn. Ogún tó yẹ kẹ́ ẹ gbà nìyẹn. Ẹ kọ iye owó sára páálí, ẹ kọ ìwé lórí bí owó ṣe máa pín láàárín yín kí orin tó jáde, kí onídùndún wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà Nàìjíríà ti 2022, ẹ̀tọ́ yín bẹ̀rẹ̀ látìgbà tẹ́ ẹ bá ti gba orin sílẹ̀, ẹ kò nílò kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí i.

Onígìtá Lágere dáhùn:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun Ìyá wa. Òjé-àti-Wáyà, mítà ń fi 8.9V hàn lórí collector kejì, trimmer ò yí i padà. 2N3904 ni a rí rà dípò BC547.

Òjé-àti-Wáyà dáhùn:

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló yí. Bí ojú pẹlẹbẹ bá kọjú sí yín, tí ẹsẹ̀ sì wà nísàlẹ̀, BC547 jẹ́ collector, base, emitter láti òsì. 2N3904 jẹ́ emitter, base, collector. Ẹ yọ méjèèjì, ẹ yí wọn po, ẹ tún un jó, kẹ́ ẹ tún wọn collector kejì. Bó bá sọ̀ kalẹ̀ dé 3V sí 6V, trimmer á gbé e dé 4.5V.