“Àwótúnkọ́” kọ́, “àtòtú” ni

Ẹ̀yin èèyàn mi,

Mo rí “ilé àwótúnkọ́” tí ẹ̀gbọ́n wa ará Ìjẹ̀bú-Igbó dábàá gẹ́gẹ́ bí orúkọ Yorùbá fún ilé olókùúta tí rọ́bọ́ọ̀tì ń kọ́, tó ṣeé tú ká. Ẹ má bínú sà, “wó” yẹn ni ò jẹ́ kí n gbà á. Ilé tó bá wó ti bàjẹ́. Èyí kì í bàjẹ́.

Ẹ wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Lọ́dún 2015, àwọn olùwádìí láti ETH Zurich, yunifásítì kan ní Switzerland, àti MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, gbé ọ̀kan kalẹ̀ ní Chicago, Rock Print lorúkọ rẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ àti okùn nìkan ni, kò sí sìmẹ́ǹtì níbẹ̀. (Ẹ lọ sọ ìyẹn ní Ṣàgámù tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ǹtì, kí wọ́n fi yín rẹ́rìn-ín!) Nínú àpótí ni rọ́bọ́ọ̀tì ti ń tẹ́ okùn ní ìlọ́-ìlọ́, wọ́n á da òkúta lé e, wọ́n á kì í mọ́lẹ̀, ó tún kan okùn. Bí wọ́n bá ká àpótí kúrò, òkúta tí okùn ò mú á ṣàn dànù, ìyókù á dúró. Òkúta fẹ́ tàn ká, okùn ò gbà fún un, ni wọ́n bá há mọ́ra wọn, bíi gàrí Ìjẹ̀bú tó dúró gbagidi nínú àpò tí wọ́n rán lẹ́nu. Ní Winterthur, ní Switzerland, lọ́dún 2018, irú òpó bẹ́ẹ̀ gbé òrùlé irin. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣetán, wọ́n á fa okùn yọ, òkúta á padà di òkìtì.

“Àtíbàbà rọ́bọ́ọ̀tì” tí ẹlòmíràn dábàá sún mọ́ ọn, torí a máa ń tú àtíbàbà lẹ́yìn òde. Ṣùgbọ́n igi ló gbé àtíbàbà ró, ìbòòji la sì ń wá lábẹ́ rẹ̀. Òpó ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni ti Chicago.

Ẹni tó fi àwàdà sọ pé “ilé àdìtú” pa mí lẹ́rìn-ín: wọ́n dì í, wọ́n tú u. Àmọ́ àdììtú tá a mọ̀ ni ohun tí a dì tí kò ṣeé tú, fáwẹ́lì kan péré ló yà wọ́n. Tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bá pè é lórí rédíò, ilé awo làwọn èèyàn máa gbọ́.

“Àtòtú” ni tèmi: a tò ó, a tú u. (“Àkọ́tú” náà wà, àmọ́ kóòtù ló ń dún létí mi.) Kí rọ́bọ́ọ̀tì kúrò nínú orúkọ o, ọwọ́ èèyàn náà lè tẹ́ okùn, bó bá tiẹ̀ pẹ́.

Ó ku orúkọ fún bí òkúta ṣe ń há mọ́ra wọn yẹn. “Ìhámọ́ra” ló wá sí mi lọ́kàn, àfi tẹ́ ẹ bá rí i pé ìhámọ́ra ogun ti gba ọ̀rọ̀ náà tán.