Àbá mi lórí "ìkọsílẹ̀ orí fóònù": ẹ jẹ́ ká pè é ní àkọpamọ́

Ọ̀kun o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ.

Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ lórí orúkọ tó yẹ ká fún ohun tí èèyàn ń tẹ̀ sórí fóònù kó má bàa gbàgbé. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Ẹ̀gbẹ̀ ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀: wọ́n ń ṣe ìwé pélébé kan fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan sórí fóònù, wọ́n sì fẹ́ pe àkọlé rẹ̀ ní "Ìkọsílẹ̀ Orí Fóònù". Àwọn kan ní "àkọsílẹ̀" ló dáa, àwọn kan ní "àkíyèsí", ẹnì kan sì ní ká fi "nóòtì" sílẹ̀ bó ṣe wà, pé ta ni kò gbọ́ ọ.

Ẹ bá mi yọ àmì ohùn kúrò lára àkọlé Ẹ̀gbọ́n ná, torí bó ṣe máa jáde lórí ọ̀pọ̀ fóònù ní Kàbà níbí nìyẹn: "Ikosile ori foonu". Mo fi han ìyàwó mi, mi ò sọ nǹkan kan. Ó kà á, ó wò mí, ó ní, "Ta ló fẹ́ kọ ìyàwó ẹ̀ sílẹ̀ lórí fóònù?" Ìkọ̀sílẹ̀ ló kà. Kò sì jẹ̀bi. Èyí tí ojú ti mọ̀ ni ojú ń kà, ìkọ̀sílẹ̀ la sì ń rí nínú Bíbélì àti nínú ìròyìn kóòtù. Àmì ohùn gan-an kò gbà wá tán. Tí ọ̀rọ̀ orúkọ bá ti tẹ̀lé "kọ̀", ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ á gòkè di ohùn àárín: "ó kọ orúkọ sílẹ̀", "ó kọ ìyàwó sílẹ̀". Ẹ pè é lẹ́nu, ẹ gbọ́ bóyá ìyàtọ̀ wà láàárín "kọ" méjèèjì.

Mo gbà fún Ẹ̀gbọ́n lórí nǹkan kan. Wọ́n ní ì- ló ń sọ iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe, à- ló ń sọ ohun tí iṣẹ́ náà bí, ìdí nìyẹn tí "àkọsílẹ̀" kò fi lè dúró fún kíkọ fúnra rẹ̀. Òótọ́ ni, màá sì lo òfin yẹn láìpẹ́. Àléébù "àkọsílẹ̀" lójú tèmi ni pé ó wúwo jù. Àkọsílẹ̀ ìbí, àkọsílẹ̀ ìpàdé: ohun tí akọ̀wé ń fọwọ́ sí ni. Ta ló máa pe "ra iyọ̀, ra kẹrosíìnì" ní àkọsílẹ̀? "Àkíyèsí" ní tirẹ̀ ti ní iṣẹ́ lára ògiri, níbi tó ti ń sọ fún yín pé ẹ má tọ̀ síbẹ̀.

"Nóòtì" ló le jù láti yọ dànù, torí ó ti wà lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ibi tí a ti mú un. Nílé ìwé, tíṣà ló ń fúnni ní nóòtì, akẹ́kọ̀ọ́ ń dà á kọ láti ara bọ́ọ̀dù. Ní ọ̀sán Sátidé mo máa ń kọ́ àwọn ìyá mẹ́fà kan ní bí wọ́n ṣe ń lo fóònù. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo ní ká kọ nóòtì, gbogbo wọn gbé fóònù lọ́wọ́, wọ́n ń wo ẹnu mi. Wọ́n ń dúró de ohun tí màá pè fún wọn! Mo ní kí kálukú kọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, ọ̀kan ní, "Ìyẹn kì í ṣe nóòtì nìyẹn, tíṣà." Mi ò rí èsì fọ̀.

Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ alájọ. Ó ti ń lo ìwé ẹlẹ́yìn líle láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì mọ ojú ìwé oníbàárà kọ̀ọ̀kan lórí. Lásìkò kajú, ó tún máa ń bá àwọn olóko ra kajú jọ, kó tó tà á fún àwọn tó ń wá fi ọkọ̀ kó o. Áàpù Google Keep la lò, èyí tó ti wà láti 2013, torí ó ti wà lórí fóònù rẹ̀, kò sì gba ẹ̀kọ́ púpọ̀: ẹ tẹ àmì ìròpọ̀ nísàlẹ̀, ẹ kọ àkọlé lókè, ẹ kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ó fi ìka kan tẹ orúkọ olóko, iye kílò, iye owó tó kù. Ó wá gbójú sókè: "Ibo ni màá tẹ̀ kó fi pamọ́?"

Kò sí ibi kankan. Bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló ń fi pamọ́. Tó bá ti padà sẹ́yìn, ó parí. Kò gbà mí gbọ́. Ó pa á dé, ó ṣí i, ó bá a níbẹ̀, ó tún pa á dé.

Ibẹ̀ ni mo jókòó sí tí ọ̀rọ̀ náà fi sọ sí mi lọ́kàn. Lórí ìwé, kíkọ lọ́tọ̀, fífi pamọ́ lọ́tọ̀. Lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà, ẹ kọ, kẹ́ ẹ tó wá sééfù. Níbí, ọ̀kan náà ni méjèèjì. Ó kọ ọ́ pamọ́. Tí a bá fi òfin Ẹ̀gbọ́n sí i, iṣẹ́ náà á jẹ́ ìkọpamọ́, ohun tí a kọ á sì jẹ́ àkọpamọ́.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ, torí mo ti gbọ́ ọ nílé: pé "pamọ́" ń rùn ìkọ̀kọ̀, pé kí ni ìyàwó ilé ń kọ pamọ́ fún ọkọ. Ilé ìfowópamọ́ ńkọ́? Ṣé wọ́n ń fi owó náà pamọ́ fún ẹni tó ni ín ni? (Ó dáa, ẹ má dáhùn ìyẹn.)

Ẹni tó ní ká wá ọ̀rọ̀ fún "dígítà" náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó sinmi. "Orí fóònù" ti tó.

Lórí fódà, àbá "àpò ìwé" kò burú fún àwọn áàpù tó ní i, ṣùgbọ́n Keep kò ní fódà. Àmì tí wọ́n ń pè ní "label" ló ń lẹ̀ mọ́ àkọpamọ́, ọ̀kan ṣoṣo sì lè gba àmì méjì, "kajú" àti "gbèsè" lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó wà nínú àpò kan kò lè wà nínú òmíràn. Kí Ẹ̀gbọ́n ya méjèèjì sọ́tọ̀ nínú ìwé náà.

Mo sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ojú ìwé kan sílẹ̀ fún wíwá. Alájọ tẹ "oko" láti wá owó ọkọ̀ tó san lọ sí Ìsánlú. Oko kajú jáde, oúnjẹ ọkọ rẹ̀ jáde, ọkọ̀ jáde níkẹyìn. Àmì ohùn ì bá ràn án lọ́wọ́, bọ́tìnnì Yorùbá sì wà nínú Gboard, áàpù ìtẹ̀wé Google, ṣùgbọ́n àmì náà ní wàhálà tirẹ̀: ẹ̀rọ ní àyè kan ṣoṣo fún lẹ́tà "ẹ", kò ní fún "ẹ́" tó ní àmì ohùn lórí, méjì ló ń so pọ̀. Ẹni tó fi ìlà kékeré sábẹ́ e dípò àmì tóótó, lẹ́tà mìíràn ló kọ lójú ẹ̀rọ. Áàpù mìíràn kò ní bá yín rí i. Kí olùbẹ̀rẹ̀ yan ọ̀nà kan, kó má yà kúrò níbẹ̀, kó sì máa fi orúkọ èèyàn tàbí ìlú sínú àkọlé.

Àti pé kí olùbẹ̀rẹ̀ rí i dájú pé àkáǹtì wà lórí áàpù náà, kí ohun tó kọ má bàa bá fóònù lọ. Ọdún méjì ni mo fi kó òwe Ìjùmú jọ sórí fóònù tí kò ní àkáǹtì kankan. Inú garawa omi ló bọ́ sí. Mélòó ni mo rántí? Kò tó ogún.

Ní Sátidé tó kọjá mo wo fóònù alájọ. Ó ti yí àkọlé rẹ̀ padà fúnra rẹ̀, lẹ́tà ńlá, kò sí àmì ohùn kan: AKOPAMO KAJU. Mo ní kó kà á fún mi. "Àkópamọ́ kajú," ló wí. Mo ní àkọ ni, kíkọ. Ó ní, "Ṣé mi ò kó o jọ ni?"