Ẹ sọ tiyín: sinimá Le Mans tí Steve McQueen, òṣèré ará Amẹ́ríkà, ṣe, kí ló fà yín mọ́ra nínú ẹ̀?

Jíà Kẹrin

Ẹ kú ojúmọ́ o. Fíìmù ìdíje ọkọ̀ pọ̀, àmọ́ èyí tí wọ́n yà lọ́dún 1970 ní Le Mans nílẹ̀ Faransé, níbi tí wọ́n ti máa ń fi ọkọ̀ díje fún wákàtí 24, tó jáde lọ́dún 1971, ni mo fẹ́ ká sọ̀rọ̀ lé lórí. Nígbà tó jáde, kò pawó bí wọ́n ṣe rò. Lónìí, àwọn tí wọn ò tíì bí nígbà náà ló ń wá a kiri.

Tèmi ni pé kì í sọ̀rọ̀. Ó lé ní ìṣẹ́jú 30 kí McQueen tó la ẹnu. Ohùn ẹni tó ń kéde eré, ariwo èrò àti ẹ́ńjìnnì ló gba gbogbo ibẹ̀ kan. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tá a jọ wò ó bi mí pé ṣé kì í ṣe pé spíkà ti bàjẹ́. Mo ní kó fara balẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́rin ọ̀sán lù, tí àwọn awakọ̀ ti jókòó sínú ọkọ̀, tó jẹ́ pé lílù àyà nìkan là ń gbọ́, mo ní kí n ṣàlàyé nǹkan kan fún un. Òun ló jágbe mọ́ mi pé, "Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ ná!"

Ó yá, kálukú.

Bàbá Ìjàpá

Èmi ò mọ McQueen rí kí n tó wo fíìmù yìí. Iṣẹ́ mẹ́káníìkì ni mo kọ́, Volkswagen tá à ń pè ní ìjàpá ni ọ̀gá mi sì mọ̀ ọ́n tún ṣe jù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́njú bá ìjàpá mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ò lo omi, fáànù ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lára. Ọ̀gá mi kì í fọwọ́ kan ọkọ̀ kó tó gbọ́ ohùn ẹ̀. Á ní ká tẹ iná mọ́ ọn, ká tún tẹ̀ ẹ́, á dijú, lẹ́yìn náà á sọ plọ́ọ̀gì tó ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Oníbàárà kan ń dúró de ọkọ̀ ẹ̀ nínú ọgbà wa, ó ń fi fóònù wo nǹkan. Abẹ́ ọkọ̀ ni mo wà tí mo gbọ́ ohùn yẹn. Mo ní, "Ọ̀gá, èyí tẹ́ ẹ̀ ń wò yẹn kì í ṣe ẹ́ńjìnnì olómi." Ó ní báwo ni mo ṣe mọ̀. Mo jáde wá wò ó, àṣé fíìmù yìí ni: ọkọ̀ ìdíje Porsche 917, sílíńdà 12, fáànù ńlá kan dùbúlẹ̀ gbalaja lórí ẹ̀. Ẹbí kan náà kúkú ni wọ́n. Ferdinand Porsche tó ṣe ìjàpá, orúkọ ẹ̀ ló wà lára ọkọ̀ yẹn. Ọmọ ọmọ ẹ̀, Ferdinand Piëch, ló ṣáájú àwọn tó ṣe 917.

Ohun tó mú mi ni pé fíìmù yẹn ò tan etí jẹ. Bí awakọ̀ bá yí jíà, ẹ máa gbọ́ ọ. Bó bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù nígbà tó fẹ́ wọ kọ́nà, ẹ máa gbọ́ ọ. Nínú àwọn fíìmù mìíràn, wọ́n á máa yí jíà ṣáá lórí títì tó tọ́, àfi bíi pé jíà 20 ló wà nínú ọkọ̀ náà! Ó máa ń bí mi nínú.

Mo wádìí bí wọ́n ṣe yà á. Wọ́n fi orúkọ ọkọ̀ kan, Porsche 908, nọ́ńbà 29, sílẹ̀ fún ìdíje gidi ti oṣù kẹfà ọdún 1970. Wọ́n de kámẹ́rà mọ́ iwájú ẹ̀ àti ẹ̀yìn ẹ̀, Herbert Linge àti Jonathan Williams sì ń wà á láàárín àwọn tó ń du ipò kìíní. Bí fíìmù inú kámẹ́rà bá tán, wọ́n á yà sí ẹ̀gbẹ́ láti pààrọ̀ ẹ̀. Ìyẹn jẹ àkókò wọn débi pé wọn ò kà wọ́n mọ́ àwọn tó parí eré. Ọkọ̀ 51 ló bẹ̀rẹ̀, 7 péré ni wọ́n kà níparí. Òjò Ọlọ́run sì rọ̀ nígbà ìdíje gidi yẹn.

Ìyá Wúrà

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ kú ìjókòó. Bàbá Wúrà ní kí n wá wo fíìmù tó dáa jù láyé. Mo jókòó. Ọkọ̀ ń yí po, ọkọ̀ ń yí po. Ìtàn dà? Lisa, opó awakọ̀ tó kú níbẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú, nìkan ni obìnrin tó ní láárí nínú ẹ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀ kó máa wo ọ̀ọ́kán. Mo gbọ́ pé wọn ò tíì fẹnu kò lórí ìtàn nígbà tí wọ́n ti ń yà á, pé John Sturges tó kọ́kọ́ ń darí ẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀, Lee H. Katzin ló wá bá wọn parí ẹ̀. Ó hàn.

Ibi kan ṣá mú mi. Níbẹ̀rẹ̀, McQueen dá ọkọ̀ dúró níbi tí ìjàǹbá yẹn ti ṣẹlẹ̀. Irin tí wọ́n fi ṣọgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n ti pààrọ̀ apá kan nínú ẹ̀, tuntun ń dán láàárín ti àtijọ́. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Màrosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ti gba èèyàn lọ́wọ́ ìdílé wa. Mo mọ bí èèyàn ṣe ń wo irú irin bẹ́ẹ̀.

Jíà Kẹrin

Ìyá Wúrà, ẹ ò jayò pa. Wọ́n wọ àwọn ọkọ̀ ìdíje tó ń jẹ́ Lola láṣọ Porsche àti Ferrari fún àwọn ìjàǹbá inú ìtàn, rédíò ni wọ́n fi ń darí wọn láti òkèèrè. Àmọ́ David Piper, awakọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ìjàǹbá gidi nínú 917 nígbà tí wọ́n ń ya fíìmù náà, wọ́n sì gé ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀ lábẹ́ orúnkún. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ nínú fíìmù náà.

Ará Kent

Lọ́rì ni mò ń wà, láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí lọ sí Faransé. Mo ní ẹrù kan tí mo fẹ́ já ní gúúsù Le Mans, mo bá gba títì D338 tó lọ sí Tours. Àṣé orí Hunaudières, títì tó tọ́ gbọọrọ tí wọ́n ti ń díje, ni mo wà! Ojú títì ọba ni, ẹnikẹ́ni ló ń gbà á. Ilé oúnjẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, igi wà, àwọn kan ń lọ ra búrẹ́dì. Nígbà McQueen, nǹkan bíi kìlómítà 6 ni kò fi ní kọ́nà kankan. Ọdún 1990 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kọ́nà méjì tó ń dín eré ọkọ̀ kù sí i fún ìdíje. 917 ń sá ju kìlómítà 300 lọ láàárín wákàtí kan níbẹ̀, àwọn ọkọ̀ tí ò yá tó o sì wà níwájú ẹ̀. Nígbà tí mo padà wo fíìmù yẹn, ibi tí 917 ti ń fò kọjá lára àwọn ọkọ̀ kéékèèké ló ń já mi láyà ju ìjàǹbá lọ.

Ẹ má sì fojú òṣèré lásán wo McQueen. Ní oṣù kẹta ọdún 1970, òun àti awakọ̀ Peter Revson gba ipò kejì nínú ìdíje Sebring ní Florida, ẹsẹ̀ òsì ẹ̀ tó ṣẹ́ sì wà nínú POP. Ó fẹ́ kí òun àti awakọ̀ Jackie Stewart jọ wa 917 kan ní Le Mans gangan, àwọn tó fowó sí fíìmù ò gbà.

Ìyá Wúrà, ẹ ní ìtàn dà? Ẹ gbọ́ ti ìdíje gidi. Hans Herrmann àti Richard Attwood ló borí lọ́dún yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ tí Porsche máa gba ipò kìíní níbẹ̀ nìyẹn. Herrmann ti ṣèlérí fún ìyàwó ẹ̀ pé tóun bá fi lè borí, òun ò ní bá wọn díje mọ́. Ó borí, ó sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lóòótọ́.

Ìyá Wúrà

Ẹ wò ó, èyí gan-an ni fíìmù tí mo fẹ́ wò! Kí ló dé tí wọn ò gbé kámẹ́rà lọ bá ìyàwó Herrmann?