Ṣásíì Hilux mi ti sán: kí n ra irin tí wọ́n ti ṣe, àbí kí wẹ́dà bá mi ṣe é?

Àgbẹ̀ Ìyámọyè

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ kú ooru yìí o. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo gbé wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó lọ náwó tí n kò ní.

Hilux 2012 ni mo ní, oní-dísẹ̀lì. Oko káṣú wa jìn sẹ́yìn Ìyámọyè díẹ̀, ọ̀nà tó wọ ibẹ̀ kò sì ṣeé pè lọ́nà: àpáta yọrí síta níbí, kòtò tí àgbàrá gbẹ́ wà lọ́hùn-ún. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti ń gbọ́ "káú! káú!" lábẹ́ ọkọ̀ nígbàkígbà tí taya ẹ̀yìn bá já sí kòtò. Mo ṣe bí bọ́ọ̀ṣì, rọ́bà inú ojú sípíríǹgì, ló jẹ. Lánàá ni mo tẹ́ àpò sílẹ̀, mo rá wọ abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ṣásíì, egungun irin tó ru ọkọ̀, ti sán lápá òsì, nítòsí ibi tí ẹsẹ̀ iwájú sípíríǹgì ẹ̀yìn gbé so mọ́ ọn. Ó gùn tó ìka mi àárín. Ewé kan nínú sípíríǹgì ọ̀hún, ọ̀kan nínú àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò lé ara wọn, náà ti ṣẹ́ sí méjì.

Wẹ́dà kan ní Kàbà ní kí n gbé e wá. Ó ní òun á gé pẹ́lẹ́ẹ̀tì bo ṣásíì lọ́tùn-ún lósì, òun á rọ ṣákù tuntun (irin tó so ẹ̀yìn sípíríǹgì mọ́ ṣásíì), òun á tẹ ọ̀pá irin ṣe yú-bóòtù (bóòtù tó tẹ̀ bí U, tó de sípíríǹgì mọ́ ọ̀pá taya ẹ̀yìn), òun á sì tún gé ewé sípíríǹgì tírélà kan kún tèmi kí ó lè le dáadáa. Gbogbo rẹ̀, ₦95,000. Ẹnì kan tó ń ta páàtì ọkọ̀ ní Ládípọ̀, l'Ékòó, ní òun ní odindi sẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ṣe fún Hilux gan-an: pẹ́lẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti gé, ewé tuntun, ṣákù, yú-bóòtù, tọkàn tara. ₦420,000, owó mọ́tò kò sí níbẹ̀, owó mẹkáníìkì kò sí níbẹ̀.

Káṣú ti ń já bọ́ báyìí. Ẹni tó ń rà á lọ́wọ́ mi kò ní dúró dè mí. Èwo ni kí n mú?

Wẹ́dà Mọpà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Wẹ́dà ni èmi náà, kò yẹ kí n máa ba ọjà ẹlẹgbẹ́ mi jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó ṣe gbogbo ohun tó kà sílẹ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ kó ṣe pẹ́lẹ́ẹ̀tì. Ewé àti yú-bóòtù, ẹ rà wọ́n.

Ewé sípíríǹgì kì í ṣe irin lásán. Níbi tí wọ́n ti ṣe é, wọ́n ti yan án níná títí ó fi pọ́n, wọ́n rì í sínú epo kó le, wọ́n tún dá a padà sí iná tí kò mú tó ti àkọ́kọ́, kí ó má bàa máa fọ́ bí àwo. Ìdí tó fi ń tẹ̀ tó sì ń padà sípò nìyẹn. Ọjọ́ tí wẹ́dà bá ti fi iná kàn án, ó ti ba gbogbo sísè yẹn jẹ́. Kì í sì í ṣẹ́ lójú ibi tí a jó, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ló máa ń ṣẹ́. Mo mọ̀ nítorí mo ti ṣe é rí. Kò pẹ́ tí mo gba fírídọ́ọ̀mù ni ọkùnrin kan gbé ọkọ̀ wá, ó bẹ̀ mí, mo jó ewé rẹ̀ pọ̀, ó dán bíi dígí, èmi fúnra mi ń yin ara mi. Ọjọ́ kẹsàn-án ló pè mí láti inú igbó. Mi ò lè sọ ohun tó sọ sí mi níbí.

Yú-bóòtù ńkọ́? Ọ̀pá irin tí wọ́n fi ń dá kọnkéré rọ̀. Bí ẹ bá ti ń fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ ló ń fà gùn díẹ̀díẹ̀, ẹ ó máa rò pé nọ́ọ̀tì ló ń tú. Èyí tí ẹ bá tú kúrò gan-an, ẹ má dá a padà, tuntun ni kí ẹ fi sí i.

Pẹ́lẹ́ẹ̀tì ni iṣẹ́ tiwa. Ṣùgbọ́n ẹ dúró tì í. Kí ó kọ́kọ́ fi gíráńdà la ojú ibi tó sán, kí ó jó o kún, kí ó tó bo nǹkan lé e. Pẹ́lẹ́ẹ̀tì ọ̀hún kò gbọdọ̀ nípọn ju ṣásíì fúnra rẹ̀ lọ púpọ̀. Kí ó má sì gé orí rẹ̀ gbọọrọ bíi búrẹ́dì, kí ó gé e ṣóńṣó bí ẹnu ọ̀kọ̀, torí bí orí pẹ́lẹ́ẹ̀tì bá dúró gbọọrọ, ibẹ̀ gan-an ni ṣásíì á tún ti sán. Gígùn ẹ̀gbẹ́ ni kí ó máa jó, kí ó má fa iná kọjá lórí tàbí ní ìsàlẹ̀ ṣásíì láti etí kan dé èkejì. Ẹ bi í bóyá ó ní ọ̀pá ìjórin 7018. Bó bá jẹ́ 6013 tí gbogbo wa fi ń jó géètì ló mú dání, ẹ ra 7018 fún un, kí ó má sì jẹ́ èyí tí òjò ti rí. Kí ẹ sì tú orí bátìrì sílẹ̀ kí ó tó ta iná, kí brain box má bàa bá a lọ.

Ìyá Oníkáṣú

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ "rà á, rà á" yìí, kí ló mú yín dá a lójú pé ojúlówó ni ẹ máa rí rà? Mọ́tò méjì ni mo ní tó ń bá mi kó ẹrù. Lọ́dún tó kọjá ni wọ́n ta sẹ́ẹ̀tì kan fún mi, nínú ọ̀rá, ìwé àwọn ará Japan wà lára rẹ̀ rẹrẹẹrẹ. Ìrìn àjò àkọ́kọ́, ṣákù ti wọ́ bí ẹsẹ̀ arọ. Èyí tí wẹ́dà ilé mi ṣe síkejì ṣì wà lára rẹ̀ títí dòní. Wẹ́dà tèmi, mo mọ ilé rẹ̀. Ẹni tó ta ayédèrú fún mi, nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́.

Wẹ́dà Mọpà

Òótọ́ ni ẹ sọ, Mà. Ṣákù ṣeé rọ, mi ò jiyàn. Pẹ́lẹ́ẹ̀tì méjì tó le ni, tí a lu ihò rẹ̀ kó bára mu. Ihò tí kò bára mu ló ń jẹ bọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n bóòtù rẹ̀, ẹ wo orí rẹ̀ kí ẹ tó sanwó: 8.8 tàbí 10.9, nọ́ńbà tó ń sọ bí bóòtù ṣe lágbára tó, gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ewé lẹ fẹ́ rà, ẹ mú fáìlì kékeré lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Lára ewé gidi, fáìlì kò ní jẹ ẹ́ wọlé kíákíá bó ṣe ń jẹ irin fèrèsé. Olówó ọjà tí kò bá fẹ́ kí ẹ fi fáìlì kàn án, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ ta ọkọ̀, ẹ ra ọ̀kadà mẹ́rin 😂

Bàbá Dẹ́rébà

Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ti ń dáhùn kí ẹ tó béèrè. Àgbẹ̀, ọmọ mi, ewé mélòó ló wà nínú sípíríǹgì yẹn báyìí? Àpò mélòó lo sì ń kó lẹ́ẹ̀kan?

Àgbẹ̀ Ìyámọyè

Bàbá, ẹ kú àárọ̀ o. Ewé méje ni. Márùn-ún ló bá a wá, ẹnì kan ló fi ewé tírélà méjì kún un fún mi lọ́dún tó kọjá torí ẹ̀yìn ọkọ̀ ń jókòó sílẹ̀. Àpò 22 ni mo máa ń kó, nígbà mìíràn a máa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàbá Dẹ́rébà

Ẹ ò rí i?

Àpò káṣú tó kún dáadáa á tó kílò 80. Sọ ọ́ di ọ̀nà 22, kílò 1,760 nìyẹn, mi ò tíì ka ìwọ àti ọmọ méjì tó jókòó sórí ẹrù. Ẹrù tí Hilux wà fún kò ju bíi tọ́ọ̀nù kan lọ. Nígbà tó ń jókòó sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ó ń bá ọ sọ̀rọ̀ ni. Ìwọ bá fi ewé tírélà dí i lẹ́nu.

Gbọ́ bó ṣe rí. Bí taya bá já sí kòtò, ohun kan gbọ́dọ̀ tẹ̀. Sípíríǹgì ni wọ́n dá pé kó máa tẹ̀. Nígbà tí o sọ ọ́ di pákó, tí kò tẹ̀ mọ́, ṣásíì ló ń tẹ̀ dípò rẹ̀, ṣásíì kò sì mọ̀ ọ́n tẹ̀, sísán ló mọ̀. Wẹ́dà Kàbà tún fẹ́ fi ewé tírélà ẹ̀kẹta kún un! Mo wa Hilux àtijọ́ tí tiwájú náà jẹ́ ẹlẹ́wé, mo wà á láti Lọ́kọ́jà dé Ìsánlú nígbà tí ọ̀nà ṣì jẹ́ yẹ̀pẹ̀ láwọn ibi kan, n kò jó ṣásíì rí. Kì í ṣe pé mo gbọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ o, ọ̀gá mi ni kì í jẹ́ kí n kó ju bó ṣe yẹ.

Ìbéèrè mìíràn. Bí o bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti oko, tí ẹrù wà lẹ́yìn, ṣé búréèkì ń mú ọ dáadáa?

Àgbẹ̀ Ìyámọyè

Ha! Bàbá, ta ló sọ fún yín? Mo máa ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ti pààrọ̀ páàdì iwájú lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún kan.

Bàbá Dẹ́rébà

Wọ abẹ́ ọkọ̀ padà. Ọ̀pá tín-ín-rín kan máa ń wà láti orí ákísù ẹ̀yìn (ọ̀pá taya ẹ̀yìn) lọ sí ara fáàfù búréèkì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣásíì. Bí ẹrù bá tẹ ẹ̀yìn wálẹ̀, ọ̀pá yẹn á gbé fáàfù sókè, búréèkì ẹ̀yìn á sì gba agbára tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ewé líle bá ti gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ sókè, fáàfù á rò pé ọkọ̀ ṣófo ni, yóò dín búréèkì ẹ̀yìn kù. Iwájú nìkan ló ń dá gbogbo kílò 1,760 yẹn dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Wo bí ọ̀pá náà ṣe wà, kí o wá sọ fún wa.

Ọmọ Ọbájànà

Ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọkọ̀ tó sán ni oúnjẹ òòjọ́ wa. Mo fara mọ́ ohun tí Bàbá sọ. Ohun kan ni mo fẹ́ fi kún un: ìka kan tí ẹ rí yẹn, ó lè má jẹ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ fọ ẹrẹ̀ àti ọ̀dà kúrò níbẹ̀ pátápátá. Ẹ fi kẹrosíìnì pa á, ẹ jẹ́ kó wà fún bí ìdajì wákàtí, ẹ nù ún gbẹ fínífíní, kí ẹ wá fi ẹfun tàbí ṣọ́ọ̀kì kun ojú rẹ̀. Kẹrosíìnì tó ti wọ inú ibi tó sán á tún máa yọ jáde, ẹ ó rí ìlà dúdú nínú ẹfun. Ibi tí ìlà náà parí sí ni kí ẹ ti lu ihò kékeré kan, bíi mìlímítà 6, kí ó má bàa máa sán lọ nígbà tí wọ́n bá ń jó o.

Ní tèmi o, bóòtù ni mo fẹ́ràn láti fi de pẹ́lẹ́ẹ̀tì mọ́ ṣásíì, kì í ṣe iná.

Wẹ́dà Mọpà

Injiníà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wọn pé kí wọ́n máa lu ihò sára ṣásíì. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á lu ihò sí etí òkè àti ti ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ni ìyà ti ń jẹ ṣásíì jù.

Ọmọ Ọbájànà

Ikùn ṣásíì ni mo ní lọ́kàn, àárín ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe etí. Ṣùgbọ́n mo gbà, fún ẹni tí kò ní mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n, kí ó jó o bẹ́ẹ̀ bí ẹ ṣe sọ. Àgbẹ̀, bí wọ́n bá ti fi yú-bóòtù tuntun sí i, ẹ sáré bíi kílómítà 100, kí ẹ tún un fún. Gbogbo ènìyàn ló ń gbàgbé èyí.

Ìyá Oníkáṣú

Bàbá, ẹ ní kó kó ẹrù dín. Ìrìn àjò méjì, dísẹ̀lì méjì nìyẹn. Ta ló máa san án? Àwọn tó ń ra káṣú kì í béèrè pé báwo lo ṣe gbé e dé.

Bàbá Dẹ́rébà

Ìyá, mo gbọ́. Ẹ ṣírò owó wẹ́dà, owó ewé, owó páàdì méjì, àti ọ̀sẹ̀ tí ọkọ̀ ò fi ṣiṣẹ́ nígbà káṣú. Kí ẹ wá ṣírò dísẹ̀lì.

Àgbẹ̀ Ìyámọyè

Mo ti padà dé o. Ṣọ́ọ̀kì ọmọ mi obìnrin ni mo lò, ó ní kí n ra òmíràn fún òun.

Ohun tí mo rí nìyí. Lápá òsì, ìlà dúdú yẹn kò dúró ní ìka kan. Ó yí gba abẹ́ ṣásíì lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó tó ìka mẹ́ta. Lápá ọ̀tún tí mo rò pé kò ní nǹkan kan, ìlà tín-ín-rín kan ti wà níbẹ̀, bí irun orí. Bí kì í bá ṣe ẹfun, ojú mi kò lè rí i láéláé. Ọ̀pá búréèkì tí Bàbá wí ńkọ́? Ẹni tó fi ewé tírélà sí i lọ́dún tó kọjá ti tú u kúrò lórí ákísù, ó fi wáyà dè é mọ́ ṣásíì. Mo jókòó sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ nígbà tí mo rí i. Àwọn ọmọ mi ni mo ń gbé sórí ẹrù yẹn.

Mo ti ránṣẹ́ sí Ìlọrin fún ewé márùn-márùn lọ́tùn-ún lósì, yú-bóòtù mẹ́rin àti bọ́ọ̀ṣì. Ẹni tí mo rán mú fáìlì dání. Wẹ́dà Kàbà gbà láti ṣe pẹ́lẹ́ẹ̀tì àti ṣákù bí Wẹ́dà Mọpà ṣe sọ. Nígbà tí mo ní kó gé orí pẹ́lẹ́ẹ̀tì bí ẹnu ọ̀kọ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé ogun ni mo ń lọ ni. Mo ra 7018 fún un. Mẹkáníìkì ló máa dá ọ̀pá búréèkì padà. Àbúrò mi á bá mi kó káṣú àpò 12 lóòjọ́ títí di ìgbà náà.

Ewé tírélà tí a tú kúrò wà nílẹ̀ báyìí, mẹ́rin ni. Wẹ́dà ní òun á rà á lọ́wọ́ mi ₦10,000. Ṣé kí n tà á fún un?

Wẹ́dà Mọpà

Kí ó tún lọ fi sábẹ́ ọkọ̀ ẹlòmíràn? Ẹ gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ. Àdá tó máa jáde nínú ẹ̀, ẹ ó fi ro oko káṣú yẹn títí.