Ọmọ ọdún 15 tó ń ta viola ń lọ sí káàǹpù orin: báwo ni kó ṣe múra sílẹ̀?

Ìyá_Àṣàkẹ́

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 15, ń ta viola, irú fayolín tó tóbi díẹ̀. Maryland là ń gbé. Wọ́n ti gbà á sí káàǹpù Interlochen ní Michigan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú họ́lídéè yìí, ó sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ géérégé kó gbéra. Ìṣẹ́jú 45 ló fi ń dánra wò lójúmọ́ báyìí. Á bẹ̀rẹ̀ orin láti òkè. Tó bá ti ṣì í, á tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ojú ewé kìíní dùn ún gbọ́, ìkejì wá dà bí ẹni pé kò fojú kàn án rí.

Ṣé kó ti máa fi wákàtí mẹ́rin ta á láti ìsinsìnyí, kí ara rẹ̀ lè mọ́ ọn? Kí ló yẹ kó dì dání? Àti pé tí ọ̀kẹ́sítrà bá tú ní ọ̀sán Sátidé, ó máa ń sọ pé ọrùn ọwọ́ òsì ń ro òun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi nǹkan kan pamọ́ fún mi.

Olùkọ́_Okùn

Ẹ kú oríire, mà. Ẹ má jẹ́ kó fò láti ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí mẹ́rin rárá. Iṣan ọwọ́ kì í tètè pariwo. Nígbà tó bá máa fi sọ̀rọ̀, ó ti di ohun tó ń gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kó tó lọ. Ẹ fi ìṣẹ́jú 10 kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: 45 lọ́sẹ̀ kìíní, 55 lọ́sẹ̀ kejì, títí tí á fi wà ní 115 lọ́sẹ̀ kẹjọ. Kó pín in sí àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Tó bá ti ta á fún ìṣẹ́jú 25, kó gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5, kó na ọwọ́, kó mu omi.

Ìdí tí mo fi ní kó dé bíi wákàtí méjì ni pé ìdánrawò ọ̀kẹ́sítrà wà ní káàǹpù, ti àwọn onívíolà nìkan wà, ẹ̀kọ́ wà, orin ẹlẹ́ni mẹ́rin lè wà pẹ̀lú. Kò ṣòro kí ọwọ́ rẹ̀ wà lórí okùn fún wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ́jọ́ kan. Ẹni tó bá ti ilé lọ pẹ̀lú ìṣẹ́jú 45, ọjọ́ kẹrin ni ọwọ́ rẹ̀ máa fi hàn án.

Tí a bá mú wákàtí kan: ìṣẹ́jú 5 fún okùn òfìfo (tí ìka kò tẹ̀), kí ọrun, igi onírun tí a fi ń ta á, lọ láti ìdí dé orí pẹ̀lú ìró tí kò gbọ̀n, 15 fún sìkéèlì, 10 fún ẹ̀kọ́ ìka bíi ti inú ìwé ìdánrawò Kreutzer, 25 fún orin tó ń kọ́, 5 tó kù, kó ta ohun kan láti òkè dé ìsàlẹ̀ láì dúró, kódà tó bá ṣì í. Ìṣẹ́jú 5 yẹn nìkan ni mo gbà á láyè láti bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

Torí ohun tí ọmọ yín ń ṣe yẹn, ìlà kìíní ló ń rí ìdánrawò ogún ìgbà, ìlà ìkẹyìn ń rí ẹyọ kan. Èyí tó tún burú ni pé ọwọ́ rẹ̀ ti kọ́ láti dúró níbi tó bá le. Kó fi pẹ́ńsù yí báà (ìpín orin láàárín ìlà òòró méjì) méjì sí mẹ́rin tó ń dà á láàmú ká. Kó wá ọmọ ayò márùn-ún, kó tò wọ́n sí apá òsì. Tó bá ta báà yẹn tó mọ́, kó sún ọmọ ayò kan sí apá ọ̀tún. Tó bá ṣì í, gbogbo wọn padà sí òsì. Tí márùn-ún bá ti kọjá, kó fi báà kan ṣáájú àti báà kan lẹ́yìn kún un, nítorí oríkèé tí a fi so ibi líle mọ́ ibi rírọ̀ ló sábà máa ń já. Ní ti eré, tí orin bá wà ní 96 lórí mẹtironóòmù (ẹ̀rọ tó ń ka iye ìlù nínú ìṣẹ́jú kan), kó bẹ̀rẹ̀ ní 48, kó máa fi 4 kún un. Ibi tó bá ti bàjẹ́, kó fà á sẹ́yìn ní 8, kó tún gòkè.

Sìkéèlì, mo fẹ́ràn ọ̀nà Ivan Galamian, olùkọ́ fayolín tó dá káàǹpù orin Meadowmount sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ New York ní 1944. Kó mú C, ọ̀kítéèfù mẹ́ta, láti okùn C òfìfo. Mẹtironóòmù wà ní 60, ọrun kan ń gba ìlù mẹ́rin, kò gbọdọ̀ yí padà. Nóòtì kan lórí ọrun kan, lẹ́yìn náà méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, mẹ́fà, mẹ́jọ. Ọwọ́ òsì ń yára sí i, ọwọ́ ọ̀tún kò gbọdọ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀. Níbi tí ọrun bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Kó sì máa fi ojú gbọ́ ìró. Tó bá fi ìka kẹta tẹ G lórí okùn D tó sì bọ́ sí ojú rẹ̀ gan-an, okùn G tí kò fọwọ́ kàn máa gbọ̀n fúnra rẹ̀. Kó tẹjú mọ́ ọn: okùn náà á dà bíi pé ó fẹ̀ sí i, ìró á sì tàn. Tí ìka bá fi ìwọ̀n irun kan yẹ̀, okùn á dákẹ́ jẹ́ẹ́. Bákan náà ni C lórí okùn G pẹ̀lú okùn C òfìfo.

Atúngòjé

Mo gbà pẹ̀lú Olùkọ́. Ọ̀rọ̀ igi ni tèmi. Àárín adágún omi méjì ni Interlochen wà. Ọ̀sán lè móoru kí òru tutù, ọ̀rinrin á sì pọ̀. Igi máa ń mu ọ̀rinrin, á sì wú.

Èèkàn tí a fi ń fa okùn ló máa kọ́kọ́ gan. Ẹ má fi píláyà yí i, orí rẹ̀ á kán. Kó tú okùn yẹn nìkan, kó máa yí èèkàn díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń fà á síta, kó fi ìpara èèkàn pa ibi méjì tó ń dán níbi tó ti ń kan igi, kó dá a padà. Tí kò bá sí ìpara, lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsù máa ń mú un yọ̀, ṣọ́ọ̀kì máa ń mú un di ibi tó wà mú. Kó má ṣe é lórí okùn mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Tí okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dẹ̀, afárá, igi pẹlẹbẹ tó gbé okùn dúró, á ṣubú, òpó kékeré tó wà nínú viola náà lè ṣubú, kò sì sí ẹni tó máa fi ọwọ́ lásán dá òpó yẹn dúró.

Irun ọrun náà máa ń gùn sí i nínú ọ̀rinrin. Tí irun bá ti gbó, á fa sùkúrúù títí, kò ní le. Kó lọ pààrọ̀ irun ṣáájú, kó sì sọ fún ẹni tó máa ṣe é pé ìgbà ooru ni wọ́n fẹ́ lò ó fún. Tó bá ń ta á, àlàfo àárín irun àti igi kó tó ìnípọn pẹ́ńsù kan. Tó bá ṣe tán, kó dẹ̀ ẹ́. Èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ láì dẹ̀, igi rẹ̀ á wọ́.

Kó máa wo afárá láràárọ̀. Gbogbo ìgbà tó bá fa okùn láti òkè ni orí afárá ń tẹ̀ síwájú díẹ̀ díẹ̀. Ojú rẹ̀ tó kọ sí ìdí viola gbọ́dọ̀ dúró gangan. Tó bá ti tẹ̀, kó jókòó, kó gbé viola lé itan, kó fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ méjèèjì di orí afárá mú, kó fà á padà díẹ̀díẹ̀. Afárá tó tẹ̀ tí wọn kò fọwọ́ kàn á ká kò bí igi tí oòrùn pa, kò sì ní ṣeé tún ṣe mọ́.

Kó pààrọ̀ okùn ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó sì kó àwọn àtijọ́ dání. Okùn tuntun a máa gba ọjọ́ mélòó kan kó tó jókòó, ṣùgbọ́n okùn àtijọ́ tó ti nà tán máa gbé ìró dúró lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n bá fi í sí i. Kó tún ra okùn A kan lọ́tọ̀, òun ló sábà máa ń já. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sára ìdúró ìwé. Kó mú pẹ́ńsù mẹ́rin, ìnuwọ́ méjì, àti kílíìpù aṣọ mẹ́fà nítorí ìwé àti atẹ́gùn. Ẹ má fi viola sílẹ̀ nínú mọ́tò tí oòrùn ń pa, bó ti wù kí ìṣẹ́jú náà kéré tó. Fáníìṣì á rọ̀, ìdè á sì tú.

Tí ẹ bá ń wọ bàálù, òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà láti 2015 sọ pé kí wọ́n gba irú àpótí bẹ́ẹ̀ wọlé pẹ̀lú èrò tí àyè bá wà fún un nígbà tó ń wọlé. Nítorí náà, kó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọlé.

Àga_Kejì

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ dá sí. Ẹ ní kó gbé viola sí ipò, kó na ọwọ́ òsì gba abẹ́ rẹ̀ lọ sí orí rẹ̀ tó ká kó bí ìgbín. Tí ìka kò bá lè ká orí yẹn mọ́ra láì na ìgúnpá tán pátápátá, viola náà tóbi jù ú lọ. 15 ínṣì àti 15 ààbọ̀ wà. 16 kì í ṣe dandan. Lẹ́yìn náà, nígbà tó bá ń ta á, kó mi àtàǹpàkò òsì. Tí kò bá lè mì í, ó ń fún ọrùn viola pọ̀ ni, ìfúnpọ̀ yẹn ló ń gun ọrùn ọwọ́. Tí irọ̀rí èjìká bá kéré, ọwọ́ ló máa ń bá a gbé viola, nítorí náà kó gbé ẹsẹ̀ irọ̀rí yẹn sókè. Ríro tó bá kọjá lẹ́yìn ìsinmi, ẹ ṣọ́ ọ. Tí ọmọ-ìka bá ń ṣe é bí ẹni tí iná ń ta, tàbí tí ríro bá jí pẹ̀lú rẹ̀ láàárọ̀, kó gbé viola kalẹ̀, kó rí dókítà kó tó lọ.

Àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n máa ń gbọ́ wọn láti mọ àga tí kálukú máa jókòó sí. Ohun tó ń pa ọ̀pọ̀ ọmọ níbẹ̀ ni ìwé tí wọn kò rí rí. Láti òní, kó máa ta ojú ewé kan tí kò mọ̀ lójúmọ́. Ààbọ̀ ìṣẹ́jú ni kó fi wò ó: ṣáàpù àti fúláàtì, ìlù mélòó nínú báà, ibi tí ààmì viola ti yí padà sí ti fayolín, àti báà tó le jù lọ. Báà yẹn ni kó fi yan eré tó máa gbà. Tó bá bẹ̀rẹ̀, kò sí dídúró.

Kó mọ ìbẹ̀rẹ̀ apá kejì orin Symphony 5 ti Beethoven, tí ìdánwò viola kì í fi ṣeré. Viola àti sẹ́lò ló jọ ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ní A fúláàtì, ìlù mẹ́ta kékeré nínú báà, ìró kékeré tó dùn. 92 ni Beethoven kọ fún ìlù kékeré kọ̀ọ̀kan. Kó kọ́ ọ ní 60. Nóòtì olójú dọ́ọ̀tì ni pàkúté ibẹ̀: mẹ́ta sí ẹyọ kan ni, kì í ṣe méjì sí ẹyọ kan. Kó ka "ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin" nínú ìlù kọ̀ọ̀kan, kí kékeré bọ́ sórí ẹ̀rin. Kó sì fi ọrun díẹ̀ gan-an ta kékeré yẹn; tó bá fún un ní ọrun púpọ̀, á ké bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Àwọn méjì ló ń pín ìdúró ìwé kan. Ẹni tó wà nínú, tó jìnnà sí òǹwòran, ló ń ṣí ìwé. Tí ìlà bá pín sí méjì, ẹni ìta gba ti òkè. Kó má fi bírò kọ nǹkan sínú ìwé wọn. Láti ọjọ́ pípẹ́, Les Préludes ti Liszt ni wọ́n fi ń parí ìgbà ooru ní Interlochen. Tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tirẹ̀ bá bọ́ sí ìparí, kó wá ìwé viola rẹ̀ lórí IMSLP, ìkànnì ìwé orin lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, báyìí, ọ̀fẹ́ ni, kó sì fi ọmọ ayò ṣe ibi tí nóòtì ti ń sáré.

Ìyá_Àṣàkẹ́

Olúwa á bù kún un yín. A wọn viola náà: 16 ni, ìka rẹ̀ kò sì ká orí rẹ̀. A máa bá olùkọ́ rẹ̀ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń nu eruku rẹ̀, mo rí i pé ìlà tín-ín-rín kan wà níbi tí ojú rẹ̀ ti pàdé ìhà, lábẹ́ pátákó tí wọ́n ń gbé àgbọ̀n lé. Ṣé ó ti fọ́ ni?

Atúngòjé

Kò fọ́, mà, ìdè ibẹ̀ ló tú. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń lo àtè tí agbára rẹ̀ kò tó ti igi, kí àtè lè jọ̀wọ́ ara rẹ̀ nígbà tí igi bá wú, dípò kí pákó là. Abẹ́ àgbọ̀n ló sábà máa ń tú nítorí òógùn. Ẹ fi oríkèé ìka gbá etí rẹ̀ yípo, á dún kó, kó, kó. Ibi tó bá ti yí padà sí pọ̀, pọ̀ bí igbá tó sán, ibẹ̀ ló tú dé. Ẹ fi tépù kékeré sàmì sí ẹ̀gbẹ́ àpótí, kì í ṣe ara viola.

Ẹ má fi súpà gúlù kàn án. Tí ìyẹn bá ti wọlé, àtè gidi kò ní mú ibẹ̀ mọ́ títí wọ́n á fi ha igi kúrò. Gbé e lọ fún ẹni tó ń tún un ṣe lọ́sẹ̀ yìí. Á fi àtè gbígbóná sí i, á fi ohun ìdìmọ́ dì í di ọjọ́ kejì. Kó má ta á títí dìgbà náà, torí fífà okùn lè mú kó tú síwájú sí i. Tó bá gbà á padà, kó máa nu abẹ́ àgbọ̀n yẹn pẹ̀lú ìnuwọ́ gbígbẹ lẹ́yìn ìdánrawò kọ̀ọ̀kan, kó tó ti àpótí.