Peptide fún iṣan tó ń dùn: hóró ni, ìyẹ̀fun ni, àbí abẹ́rẹ́?

Ọmọ Owé: Ẹ̀yin ará, òkun o. Bọ́ọ̀lù ni mò ń gbá ní Kàbà níbí. Iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ mi ò jẹ́ kí n gbádùn. Tí mo bá jí láàárọ̀, ó ti le gbagidi, àfi kí n rìn yíká yàrá kó tó rọ̀. Ẹnì kan lórí WhatsApp ń ta BPC-157, ìyẹn peptide kan (ègé kékeré protein), oníhóró àti ti abẹ́rẹ́, ó sì tún ní collagen (protein inú iṣan àti awọ) oníyẹ̀fun. Èwo ló dáa jù? Owó abẹ́rẹ́ yẹn kì í ṣe kékeré.

Màmá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ṣebí inú awọ àti egungun màlúù ni wọ́n ti ń yọ collagen? Máa jẹ bọ̀kọ́tọ̀ rẹ.

Físíò Ìsánlú: Òótọ́ ni Màmá sọ. Àbúrò, collagen, oúnjẹ ni. Tó o bá fẹ́ ẹ, mu ún pẹ̀lú ọsàn tàbí èso kajú, torí fítámì C ni ara fi ń ṣe collagen tirẹ̀. Kò dájú pé yóò wò ọ́ sàn, àmọ́ kò léwu.

BPC-157 yàtọ̀ pátápátá. Ara eku ni wọ́n ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ìwádìí rẹ̀. Àjọ FDA tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà ò fọwọ́ sí i, WADA, àjọ àgbáyé tó ń gbógun ti lílo oògùn amárale nínú eré ìdárayá, sì ti fòfin dè é láti 2022. Bó o gbé e mì, bó o gún un, òfin náà mú ọ. Ti abẹ́rẹ́ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ìyẹ̀fun ló máa ń wà nínú ìgò kékeré yẹn, ìwọ fúnra rẹ ni wàá po ó mọ́ omi. Wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sí i lára pé fún ìwádìí nìkan ni. Ta ló mọ ohun tó wà níbẹ̀? Jọ̀ọ́, má gún un!

Ìdárayá ni kó o gbájú mọ́. Fi iwájú ẹsẹ̀ dúró létí àtẹ̀gùn, kó o rọra sọ gìgísẹ̀ kalẹ̀: 15 lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú orúnkún nínà, 15 lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú orúnkún títẹ̀ díẹ̀, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, fún ọ̀sẹ̀ 12. Ètò tí Alfredson, dókítà ará Sweden, gbé jáde ní 1998 nìyẹn, a ṣì ń lò ó.

Ọmọ Owé: Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Tó bá ń dùn mí lẹ́nu ìdárayá ńkọ́?

Físíò Ìsánlú: Ó lè dùn díẹ̀, máa bá a lọ. Àmọ́ tó bá dún pó lójijì, tó ò sì lè fi ìka ẹsẹ̀ dúró mọ́, ó ṣeé ṣe kó ti já. Ilé ìwòsàn ni o, lọ́jọ́ náà gan-an.