Bí a bá gbé ìtàn kúrò nínú ìwé lọ sórí ẹ̀rọ, ṣé ìtàn kan náà ṣì ni?

Afìtànṣọ̀rẹ́ béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Mo kọ ìtàn kan tí ó tó ogójì ojú ìwé, nípa ọmọbìnrin kan tí ìyá rẹ̀ ti kú, tí kò sì rí ohun mìíràn jogún ju àtẹ̀jíṣẹ́ olóhùn méjìlá tí ìyá náà fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Bí mo ṣe kọ ọ́, ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni ìtàn náà ń tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó kà á sọ pé ìwé kọ́ ni ibùgbé tí ó yẹ ẹ́, pé kí n gbé e sórí ẹ̀rọ, kí òǹkàwé lè máa tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ tí ó bá wù ú, kí ó gbọ́ ohùn ìyá náà, kí ó sì yan ibi tí ìtàn yóò yà sí. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lọ́kàn, ṣùgbọ́n ó tún bà mí lẹ́rù, nítorí ọdún méjì ni mo fi to àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ inú ìtàn yìí tẹ̀lé ara wọn, n kò sì mọ ohun tí yóò ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ bí ẹlòmíràn bá lè tò ó bí ó ti wù ú. Ṣé aṣọ ìtàn nìkan ni ìmọ̀ ẹ̀rọ tuntun ń pààrọ̀ ni, àbí ó ń dé inú egungun rẹ̀? Irinṣẹ́ wo ni ẹ ti lò, kí ni ó sì ṣe fún ìtàn yín?

Ẹlẹ́ka dáhùn:

Ó ń dé inú egungun, kì í sì ṣe ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ní nǹkan bí ọdún 1976 ni Will Crowther kọ Adventure, eré orí kọ̀ǹpútà tí kò ní àwòrán kankan, tí ó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ni olùlò ń kà, ọ̀rọ̀ kúkúrú ni òun náà sì ń tẹ̀ láti fi rìn kiri nínú ihò abẹ́ ilẹ̀. Don Woods sì fẹ̀ ẹ́ sí i ní ọdún 1977. Láti ìgbà náà ni àwọn òǹkọ̀wé ti ń kojú ìṣòro kan tí ó jẹ́ ìṣirò lásán: bí ẹ bá fún òǹkàwé ní yíyàn méjì ní ibi mẹ́wàá, tí ẹ kò sì jẹ́ kí àwọn ọ̀nà náà pàdé mọ́, òpin 1,024 ni ẹ ó kọ. Kò sí ẹni tí ó lè fara balẹ̀ kọ gbogbo rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń jẹ́ kí àwọn ẹ̀ka pínyà fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n sì padà wá sójú kan, kí ẹ̀rọ máa rántí ohun tí òǹkàwé ti ṣe, kí ó lè farahàn nínú gbólóhùn kan tàbí méjì níwájú.

Twine ni mo ń lò. Chris Klimas ló gbé e jáde ní ọdún 2009, ọ̀fẹ́ ni, ẹni tí kò mọ bí a ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà sì lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, nítorí pé bí àpótí tí a fi okùn so mọ́ ara wọn ni ó ṣe ń fi ìtàn hàn ẹni tí ó ń kọ ọ́. Ohun tí ó ṣe fún ìtàn mi ni pé ó gbé ẹ̀bi kúrò lọ́rùn ẹ̀dá-ìtàn, ó sì gbé e kọ́ òǹkàwé lọ́rùn. Nínú ìwé, à ń wo ẹni tí ó kọ̀ láti dáhùn ìpè ìyá rẹ̀. Nínú ìtàn ẹlẹ́ka, àwa gan-an la kọ̀ ọ́.

Gbóhùn dáhùn:

Òótọ́ ni ohun tí Ẹlẹ́ka sọ nípa ẹ̀bi, ṣùgbọ́n n kò gbà pé ó bá ìtàn yìí mu. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú kò ní yíyàn kankan lórí bí ọ̀rọ̀ náà yóò ṣe parí, bí ẹ bá sì fún òǹkàwé ní agbára tí ọmọ náà kò ní, ìrora ọmọ náà kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Gbígbọ́ ni ìtàn yín ń bèèrè fún. Ẹni tí ó ń kàwé ló ń pinnu bí yóò ṣe yára tó. Ó lè fo ìpínrọ̀, ó lè sáré wo òpin. Ohùn kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ìyá náà bá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin kí ó tó sọ pé ara òun le, olùgbọ́ náà gbọ́dọ̀ dúró nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn pẹ̀lú rẹ̀, kò sì sí ìpínrọ̀ tí mo lè kọ tí yóò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún wo ohun tí fóònù ti kọ́ àwọn ènìyàn. Láti ìgbà tí Snapchat ti gbé Stories jáde ní ọdún 2013, tí Instagram sì ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2016, ó ti mọ́ àìmọye ènìyàn lára pé ìtàn lè pòórá lẹ́yìn wákàtí 24. Bí mo bá jẹ́ ẹ̀yin, ọ̀kan nínú àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ méjìlá náà kò ní ṣeé gbọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ̀rọ̀ inú gbogbo ohùn náà sílẹ̀ fún àwọn adití, kí ẹ má sì fi í sí ibi tí wọn yóò ti máa wá a kiri.

Apamọ́ dáhùn:

Kí ẹ tó yan irinṣẹ́ kankan, ẹ béèrè bóyá yóò ṣì ṣí ní ọdún mẹ́wàá sí i. Flash, sọ́fítíwíà ilé-iṣẹ́ Adobe tí a fi ń ṣe àwòrán tí ń rìn, ni mo fi ṣe ìtàn alàwòrán kan tí mo fẹ́ràn ju gbogbo iṣẹ́ mi lọ. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020, Adobe dáwọ́ àtìlẹ́yìn rẹ̀ dúró, láti ọjọ́ 12 oṣù Kìíní ọdún 2021 sì ni Flash Player, ètò tí ń ṣí iṣẹ́ Flash, ti ń dènà gbogbo ohun tí a bá fi ṣe é. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, Internet Archive, ilé ìpamọ́ iṣẹ́ orí ayélujára, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi sọ́fítíwíà kan tí ń jẹ́ Ruffle ṣí irú àwọn iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, Ọlọ́run bù kún wọn, ṣùgbọ́n fáìlì tèmi ti sọnù pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ ìtàn yín sínú fáìlì ọ̀rọ̀ lásán, ẹ tọ́jú ohùn lọ́tọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí iṣẹ́ náà jẹ́ HTML, irú fáìlì tí a fi ń ṣe ojú ewé ayélujára, tí búráósà èyíkéyìí lè ṣí. Inú mi dùn pé HTML ni Twine ń gbé jáde.

Aláìlórúkọ dáhùn:

Ta ni yóò sọ ọ̀rọ̀ ìyá náà? Mo béèrè nítorí pé ẹnì kan yóò gbà yín nímọ̀ràn láìpẹ́ pé kí ẹ lo ohùn tí ọgbọ́n àtọwọ́dá ṣe. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, àwọn olùwádìí Microsoft ṣàfihàn VALL-E, tí ó lè fara wé ohùn ènìyàn láti inú àpẹẹrẹ ìṣẹ́jú àáyá 3 péré. N kò kórìíra irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀, mo tilẹ̀ ń lò ó fún àwọn ẹ̀dá-ìtàn kéékèèké. Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú kí àtẹ̀jíṣẹ́ méjìlá náà níye lórí ni pé kò lè di mẹ́tàlá. Ẹ̀rọ tí ó lè sọ gbólóhùn kẹtàlá ní ohùn ìyá náà ti di ara ìtàn yín, yálà ẹ fẹ́ tàbí ẹ kọ̀, nítorí gbogbo ẹni tí yóò gbọ́ ọ ló mọ̀ báyìí pé ó ṣeé ṣe.

Afìtànṣọ̀rẹ́ dáhùn:

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣiṣẹ́ lórí ohun tí ẹ sọ. Òpin ìtàn náà jẹ́ ẹyọ kan bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n òǹkàwé lè gbọ́ àtẹ̀jíṣẹ́ mọ́kànlá àkọ́kọ́ bí ó bá ṣe fẹ́, èyí tí ó kẹ́yìn nìkan ni kò ní ṣí àyàfi tí ó bá ti gbọ́ gbogbo ìyókù. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ka ọ̀rọ̀ ìyá náà sínú fóònù, nínú yàrá, pẹ̀lú ariwo ilé lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọbìnrin inú ìtàn náà ti rí ẹ̀rọ tí ó lè ṣe ohùn kẹtàlá fún un, mo sì ń kọ ojú ìwé tí ó ti ń wo bọ́tìnì náà lọ́wọ́lọ́wọ́.

Ní ti ìbéèrè tí mo bi yín ní ìbẹ̀rẹ̀, ojú ìwé mẹ́sàn-án ni mo ti yọ kúrò, gbogbo wọn sì ni ibi tí mo ti ń ṣàpèjúwe bí ohùn ìyá náà ṣe rí.